Ẹrù Ìyá Habeeb tó Lọ sí Heping

Bí ènìyàn bá fẹ́ rìnrìn àjò láti Peckham ní London láì gbé ẹrù ẹlẹ́rù, kó má jẹ̀ẹ́ kí Mìsítúrà Ajíbóyè gbọ́. Bó bá gbọ́ pé o ń lọ sí Birmingham, ó ní ẹnìkan ní Birmingham. Bó bá gbọ́ pé o ń lọ sí Dublin, kò ní ẹnikẹ́ni ní Dublin, ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹnìkan tó mọ̀ wà níbẹ̀, ọmọ náà sì fẹ́ràn irú. Bí o bá rán an létí pé ilé ìfìwéránṣẹ́ ń bẹ, ojú tí yóò fi wò ọ́ ni ojú tí a fi ń wo ẹni tó na ọwọ́ òsì kí ìmáàmù.

"Ẹrù tí ọwọ́ ènìyàn kò gbé," á ní, "kò sí ìkíni nínú ẹ̀. Ta ni póòsìtì máa bá mi kí?"

Èmi àti ẹ̀ ti jọ wà tipẹ́. A jọ nu ọ́fíìsì ní Elephant and Castle nígbà tí eegun ẹ̀yìn wa ṣì ń gbọ́ràn sí wa lẹ́nu. A jọ gbé North Peckham kí wọ́n tó wó o, a sì tún jọ bọ́ sí ilé kan náà lẹ́yìn Old Kent Road, èmi lókè, òun nísàlẹ̀. Ọlọ́run fún èmi ní Yusrah àti Abdulqoyyum. Àwọn méjèèjì ti dàgbà, alhamdulillah, wọ́n sì máa ń pè mí dáadáa bí kò bá sí ẹni tó máa bá wọn mú ọmọ dání. Mìsítúrà, ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Habeebullah. Bàbá ọmọ náà jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́ tó ń wa bọ́ọ̀sì. Ó jáde nílé lárọ̀ ọjọ́ kan, ọkàn rẹ̀ dúró ní gáréèjì, a sì sin ín kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Láti ìgbà náà, ọmọ yẹn ni ẹbí, òun ni ọ̀rẹ́, òun ni tẹlifíṣàn.

Ọmọ dáadáa ni. Ó lọ sí yunifásítì ní Leeds, ó rí iṣẹ́ síbẹ̀, ó dúró. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí Yorùbá tó ti Peckham lọ sí Leeds tí Ìyá Habeeb kò di nǹkan lé lọ́wọ́: gaàrí, ata gígún, ẹja gbígbẹ tí òórùn rẹ̀ á ti ṣáájú mọ́tò wọ̀lú. Àdírẹ́sì ọmọ náà yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ bíi Fátíhà. Àwọn tó gbé ẹrù lọ, wọ́n jókòó. Àwọn tó jókòó, wọ́n sùn. Ọ̀kan nínú wọn sùn títí tó fi rí iṣẹ́ ní Leeds.

Èyí tó wá fi ata sójú ọgbẹ́ ni ti Ìyá Aishah, obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ àsàlátù wa, tó gbé kúlà mọ́ínmọ́ín lọ fún un pẹ̀lú Aishah fúnra rẹ̀, tí wọ́n ti wọ̀ ní léèsì. Àárọ̀ Sátidé ni wọ́n kan ilẹ̀kùn. Habeeb ló ṣí i, pẹ̀lú sòkòtò péńpé àti búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. Ìyá Aishah padà dé, ó ní òun kò rí àléébù kankan níbẹ̀, pé ọkùnrin tó bá ń fọ eyín ti ń gbìyànjú.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Habeeb ní òun ń lọ sí Ṣáínà lọ kọ́ àwọn ọmọdé ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá rẹ̀ sunkún, ó gbàdúrà, ó sì béèrè àdírẹ́sì. Guangzhou ni ọmọ náà kọ́kọ́ lọ, àfi bí ẹni sá fún òjò tó lọ bọ́ sódò, nítorí Guangzhou ni àwọn oníṣòwò wa ti ń rajà. Kí oṣù mélòó kan tó kọjá, ẹrù ti ń dé bá a, ọkùnrin kan tó lọ ra táyà sì ti tẹ́ ẹní sílẹ̀ yàrá rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó pe ìyá rẹ̀ pé òun ti kó kúrò.

"O kó lọ síbo?"

"Heping, Mummy."

"Ṣé ó jìnnà?"

"Ó jìnnà gan-an."

Ìyá rẹ̀ kò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lójú tiwa, orúkọ ìlú ti tó. Bí o bá ń wá Alhaji Sàká ní Ìkirè, ṣé nọ́mbà ilé lo máa béèrè ni? O máa sọ̀ kalẹ̀ ni, o máa bi ọlọ́kadà, ọlọ́kadà á bi ìyá alákàrà, wọ́n á mú ọ dé iwájú ilé, wọ́n á tún kìlọ̀ fún ọ pé Alhaji kò sí nílé. Ìlú dúdú ni, ìlú funfun ni, ó dá Mìsítúrà lójú pé bí ènìyàn bá ti dé Heping tó béèrè Habeeb ọmọ Ajíbóyè, ó parí.

Láti ìgbà tó ti dé Heping ni ìpè rẹ̀ ti di ti ọdún sí ọdún. Ó ń pè ní Ìtúnu Àwẹ̀, ó ń pè ní Iléyá, lórí fóònù olókùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé láti ayé bàbá rẹ̀. A kì í pẹ́ mọ̀ bó bá pè, nítorí ìyá rẹ̀ á gun àtẹ̀gùn wá bá mi, kò ní dúró de lífítì.

Lẹ́yìn Ìtúnu Àwẹ̀ tó kọjá yìí, ọmọ kan tó gun kẹ̀kẹ́ oníná já fóònù ọwọ́ Mìsítúrà gbà ní Rye Lane. Nọ́mbà Habeeb wà nínú ẹ̀, kò sì há a sórí. Ta ló ń há nọ́mbà sórí láyé yìí? Yusrah tèmi wá ọmọ náà kiri gbogbo ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi ara wọn hàn lórí ẹ̀rọ ayélujára, kò bá a. A ní kò burú, ó kúkú máa pè ní Iléyá.

Àfi ìgbà tí káńsù ní àwọn fẹ́ wó ilé wa kí àwọn kọ́ tuntun. Èmi, wọ́n fún mi nílé ní Camberwell. Òun, Thamesmead, wọ́n sì fẹ́ kó kúrò ṣáájú Iléyá. Ó pe àwọn oní-fóònù, wọ́n ní nọ́mbà olókùn yẹn kò lè bá a dé ibi tó ń lọ.

"Ìyá Yusrah," ó ní, "bó bá pè lọ́dún, tí fóònù ò dún, kí ló máa rò?"

"Á rò pé o ti kó."

"Ta ló sọ fún un pé mò ń kó? Á rò pé mo ti kú ni. Á wà ní Heping á máa ṣọ̀fọ̀ mi, èmi á wà ní Thamesmead, á máa jẹ bísíkíìtì."

"Allah má jẹ̀ẹ́ o." Ẹ̀rín fẹ́ gbé mi, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, mo mọ ohun tó ń tọrọ bó bá pẹ́ lórí ìforíkanlẹ̀.

Ọjọ́ Sunday kan ní àsàlátù, nínú ṣọ́ọ̀bù ńlá tí a sọ di mọ́sálásí lójú Old Kent Road, ó ní kí àwọn ènìyàn bá òun ṣe àdúà kí òun rí ọmọ òun tó wà ní Heping bá sọ̀rọ̀. Yẹ̀kínì dìde láàárín àwọn ọkùnrin. Yẹ̀kínì yìí ló máa ń lọ ra aago ògiri ní Ṣáínà, irú èyí tó ń pe ìrun. Ìdajì ilé Mùsùlùmí ní Peckham ló ní in, kò sì sí ọ̀kan tó ń pe ìrun lásìkò kan náà pẹ̀lú èkejì.

"Mummy, Heping lẹ wí?"

"Heping ni."

"Heping ni ilé iṣẹ́ aago mi wà! Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mò ń lọ!"

Gbogbo ilé ké Allahu akbar. Ìmáàmù ní ṣé a rí i, ṣé a rí bí Ọlọ́run ṣe ń ṣiṣẹ́? Èmi náà ké e. Kò sí ẹni tó ronú kan jù bẹ́ẹ̀ lọ, nínú gbogbo wa, pẹ̀lú àwọn alákọ̀wé tó wà níbẹ̀. Mìsítúrà lọ sílé lọ di ẹrù. Nọ́mbà fóònù tuntun rẹ̀, ó kọ ọ́ sínú ìbòrí ike gaàrí. Ó fi jalamíà bàbá ọmọ náà kan sí i. Ó fi irú sí i, mo ní kó yọ ọ́, kí wọ́n má baà dá gbogbo bàálù dúró. Ó yọ ọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ lọ́wọ́ Yẹ̀kínì pé ó dá a padà nígbà tí mo yíjú.

Yẹ̀kínì lọ, ó bọ̀. Ó gbé ẹrù náà padà dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Mummy, ẹ má bínú. Mo béèrè dé àgọ́ ọlọ́pàá. Kò sí ènìyàn dúdú kankan ní Heping, àfi èmi. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ló ń tẹ̀lé mi ya fọ́tò. Ìyá àgbà kan fi ọwọ́ pa mí lára wò bóyá dúdú ara mi á ṣí."

"O ò wá a dáadáa."

"Mummy, bó bá wà níbẹ̀, wọ́n á ti mú mi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ kí n tó béèrè. Wọ́n á rò pé àbúrò ẹ̀ ni mí."

Ó gba ẹrù náà, ó gbé e sórí tábìlì, kò tú u. Lọ́jọ́ kejì, mo ní kó sìn mí dé Rye Lane, kó lè rí afẹ́fẹ́. A yà sí ṣọ́ọ̀bù Agnes, obìnrin ará Hong Kong tó ń ta ìkòkò àti abọ́, lọ ra àwọn páálí àti téèpù tí a ó fi palẹ̀ mọ́. Agnes bi wá ohun tó dé tí Mama kò fi ná ọjà lónìí. Mo rò ó fún un.

"Heping wo?" Agnes ní.

"Heping ti Ṣáínà," ni Mìsítúrà fèsì.

Agnes gbé ọwọ́ kúrò lórí ohun tó ń kà. "Mama, Heping pọ̀. Ọ̀kan wà ní Tianjin. Ọ̀kan wà ní Shenyang. Ọ̀kan wà ní Guangdong, bóyá ibẹ̀ ni aláago yín lọ. Ó tún wà ní Taiwan. Mi ò tíì ka ti àwọn ìlú kéékèèké àti ojú títì. Àlàáfíà ni ìtumọ̀ ẹ̀. Ta ni kò fẹ́ fi àlàáfíà sọ àdúgbò rẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà yé mi wàrà, ojú sì tì mí pé kò ti yé mi tẹ́lẹ̀. Ṣé Sábó ti Ìbàdàn ni Sábó ti Ògbómọ̀ṣọ́? Bí ẹnìkan bá ní òun ń dúró dè mí ní Ọjà Ọba, ṣé mi ò ní bi í bóyá ti Òṣogbo ni, tàbí ti Àkúrẹ́? Mo bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ́ fún Agnes, mo ń fi ọwọ́ júwe, inú mi tiẹ̀ ń dùn pé àwa àti wọn jọra. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, Mìsítúrà ti jáde.

Mo bá a níwájú ẹni tó ń ta iṣu. Kò wo iṣu.

"Ọmọ mi mọ̀," ó ní.

"Ó mọ kí ni?"

"Ó ń gbé níbẹ̀. Ó mọ̀ pé ó pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí o wá òun wá, ṣé Sábó lásán ló máa sọ fún ọ?"

"Ọmọdé ni, kò rò ó débẹ̀."

"Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ó lé." Ó tún aṣọ orí rẹ̀ ṣe. "Èmi ni mo rán wọn sí i. Gbogbo wọn. Mo rò pé mò ń fi ènìyàn yí i ká ni, kó má baà dá wà. Èmi ni mi ò fẹ́ dá wà."

Mo bá a ra iṣu.

Mo rò pé ó máa fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Mo sọ fún un pé kó fà á lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ó ní Ọlọ́run náà ló dá Agnes. Ó padà lọ bá a pẹ̀lú fọ́tò Habeeb tó wọ fìlà onígun lọ́jọ́ tó gboyè. Agnes bi í pé kí ni ọmọ náà ti sọ fún un rí nípa ibẹ̀. Ó rántí pé ní Ìtúnu Àwẹ̀, ọmọ náà ní yìnyín ṣì ń bọ́ níta, pé àwọn ará Kòríà sì ń yan ẹran nísàlẹ̀ ilé òun, tí òórùn rẹ̀ kò jẹ́ kí òun gbádùn ààwẹ̀.

"Yìnyín, àti àwọn ará Kòríà," Agnes ní. "Ẹ jẹ́ ká fi Shenyang bẹ̀rẹ̀."

Ó fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí àwọn tó mọ̀, pé kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn tí wọ́n mọ̀, pé ìyá tíṣà Gẹ̀ẹ́sì yìí ń wá a. A ń di ẹrù ilé. Ilé ń ṣófo sí i lójoojúmọ́, àwọn aládùúgbò ń kó lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ohùn wa bẹ̀rẹ̀ sí dún padà láti ara ògiri. Fóònù olókùn yẹn nìkan ni kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn.

Àárọ̀ Thursday kan, Agnes ní ká sáré wá. Nígbà tí a dé, ó na fóònù tirẹ̀ sí Mìsítúrà. Habeeb ló wà lójú rẹ̀, ní Shenyang lóòótọ́. Ó ti dá irùngbọ̀n sí.

"Salaam alaykum, Mummy."

"Wa alaykum salaam. O ti rù."

"Mummy, what is this? Gbogbo parents ní school mi ló ń fi graduation picture mi hàn mí! Ẹni tó ń ta noodles gan-an ní, your mother, your mother." Yorùbá rẹ̀ ti le bíi búrẹ́dì àná. "Ta lẹ fẹ́ rán wá?"

Mo rí ojú Mìsítúrà nígbà tó gbọ́ ìyẹn. Kò bínú.

"Mi ò rán ẹnikẹ́ni. Wọ́n fẹ́ wó ilé ni, fóònù yẹn ò ní dún mọ́. Mo ní kí o gba nọ́mbà tuntun, kó má baà dọ̀la kí o pè, kí o rò pé mo ti kú. Ohun tí mo wá sọ nìyẹn."

A gbọ́ ariwo ọkọ̀ lẹ́yìn Habeeb.

"Wọ́n fẹ́ wó ilé Daddy?"

"Wọ́n fẹ́ wó o."

"Níbo lẹ ń lọ?"

Ó sọ fún un: nọ́mbà ilé, òpópónà, Thamesmead, kóòdù póòsìtì, nọ́mbà fóònù lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ náà kọ ọ́ sílẹ̀. Ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ ti yípadà, mo rí ọmọ kékeré tó máa ń jókòó lórí àtẹ̀gùn wa de bàbá rẹ̀.

"Okay. Mummy, ẹ mú bírò. Kí n fún yín ní address mi. Full address."

Mo ti fa bírò yọ. Agnes ti na ìwé sí mi.

"Má sọ ọ́," ni Mìsítúrà wí.

"Mummy?"

"Má sọ ọ́ fún mi. Bí mo bá mọ̀ ọ́n, màá rán ẹnìkan. O mọ̀ mí, Habeeb. Màá ní mi ò ní ṣe é, màá sì ṣe é. Máa gbé níbẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́."

Ọmọ náà fi ọwọ́ bo ojú. Nígbà tó ṣí i, wọ́n kí ara wọn, wọ́n ṣe àdúà fún ara wọn, ó tán. Agnes bi Mìsítúrà bóyá kí òun fi nọ́mbà Habeeb sínú fóònù tirẹ̀. Ó mi orí pé rárá. Tòun ni kí ọmọ náà ní. Kí Agnes jọ̀ọ́, kó pa èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ rẹ́, kó má jẹ̀ẹ́ kí òun tún rí i.

Mo bá a jà títí a fi délé. Mo ní ìwà wo nìyẹn, pé ó wá ọmọ, ó rí ọmọ, ó tún ní kí ọmọ sá pamọ́. Sunday tó tẹ̀lé e, Yẹ̀kínì bi í ní àsàlátù bóyá ó ti mọ Heping tí ọmọ náà wà, nítorí òun tún ń padà lọ lẹ́yìn Iléyá. Ó ní òun kò mọ̀. Nínú mọ́sálásí ló ti sọ ọ́. Mo ní astaghfirullah fún un nínú ọkàn mi.

Ó kó lọ ṣáájú mi. Lọ́jọ́ Iléyá, lẹ́yìn tí mo fún àwọn ọmọ mi lóúnjẹ, tí wọ́n sì ti lọ ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ń lọ, mo bu ẹran sínú abọ́, mo wọ bọ́ọ̀sì 177 títí dé òpin ibi tó ń lọ. Fíláàtì rẹ̀ mọ́, ó dákẹ́. Láti ojú fèrèsé, omi àti koríko ni ènìyàn ń rí, kò sí ẹni tí o lè kí. Ó ti wọ aṣọ ọdún. Fóònù wà lórí tábìlì láàárín wa, ojú rẹ̀ sókè, a sì ń jẹun yí i ká bí ẹni tó ń jẹun yí ọmọ tó ń sùn ká. Ó dún lẹ́ẹ̀kan. Ìyá Aishah ló ń kí wa kú ọdún. Ó dá a lóhùn kíá, ó gbé e kalẹ̀.

Nígbà tí oòrùn ń lọ, mo ní kí n máa lọ kí bọ́ọ̀sì tó wọ́n. Ó sìn mí dé ibi ìdúró ọkọ̀, fóònù lọ́wọ́.

"Bó bá ti pè, kí o pè mí," mo ní. "Bó ti wù kó pẹ́ tó."

"Bó bá pè," ó ní, "èmi nìkan ni màá mọ̀. Bí mo bá sọ fún ọ, màá sọ fún Ìyá Aishah, bí mo bá sọ fún un, ayé gbọ́. Má bínú sí mi."

Mo ní mi ò bínú. Bọ́ọ̀sì dé, mo jókòó sí ẹ̀yìn, mo wò ó títí a fi yà. Kò juwọ́. Ó ti fi ẹ̀yìn sí ọ̀nà, ó gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, tàbí kó jẹ́ pé aṣọ orí rẹ̀ ló ń tún ṣe. Ọ̀nà ti jìn díẹ̀, ojú mi kò sì fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́.